Kòtò Àgbàrá tí Ọkọ Mi Dí

Ohùn tí mílíìkì máa ń ṣe nígbà tó bá kọ́kọ́ kan ìdí garawa òfìfo ni mo máa ń gbọ́ kí n tó rí ohunkóhun, bí mo bá ń ronú nípa àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Á dún ṣáá, ṣáá, bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù. Bí garawa bá ti ń kún, ohùn náà á máa rọ̀, títí á fi dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá kejì. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ohùn yẹn nìkan ló máa ń wà nínú ọgbà, òun àti èémí màlúù.

Bàbá ọkọ mi ló fi oko náà sílẹ̀ fún wa, lẹ́yìn Ùsò, níbi tí ọ̀nà ti yà kúrò lójú títì ọlọ́dà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ ìjọba ló ṣe kó tó fẹ̀yìntì, ibẹ̀ ló sì ti gbà á lọ́kàn pé màlúù kì í ṣe ẹran pípa nìkan, pé èèyàn lè máa rí jẹ lára rẹ̀ lójoojúmọ́ láì fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Àwọn ará ìlú fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Fúlàní tuntun ti dé sí Ùsò. Nígbà tí mo fi wọlé ọkọ, bàbá náà ti kú, màlúù márùn-ún ló sì wà nínú ọgbà, pẹ̀lú akọ kan tí a máa ń so lọ́tọ̀.

Nílé wa, mílíìkì là ń pè é nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́mú. Bí ìyá ọkọ mi bá ti gbé e kaná, tó da omi ewé bòmubòmu sí i, tó sì dì, ó di wàrà. Obìnrin Fúlàní kan ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà láyé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra màlúù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ọgbọ́n ara rẹ̀ kún un, débi pé àwọn oníbàárà wa ní Ọ̀wọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì àti àwọn nọ́ọ̀sì, máa ń béèrè bóyá tìyá ni mo gbé wá lónìí tàbí tèmi. Bí mo bá ní tèmi ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn á dúró di ọ̀la.

Ṣùgbọ́n tó bá kan fífún ọmú, kò sí ẹni tó lè fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Oríkèé ọwọ́ ìyá ọkọ mi ti ń le nígbà náà, ó sì fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo òfin rẹ̀. Kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ fọ ọmú. Kí n má ṣe pariwo. Kí n tó fún ti màlúù kọ̀ọ̀kan sínú garawa, kí n kọ́kọ́ fún díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí n tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ọmú náà ń ṣàìsàn, mílíìkì rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kan ti àwọn yòókù. Òótọ́ ni, ó máa ń ní iyọ̀. Mo mọ̀ ọ́n débi pé mo lè sọ ọmú tó máa wú lọ́la láti orí ahọ́n lónìí. Ẹnu kan lórí màlúù kọ̀ọ̀kan, láràárọ̀. Èmi kò kà á sí mímu.

Òfin tó tóbi jù ni ti ìgbẹ̀bí. Nínú ìdílé yẹn, ẹni tó ń fún màlúù lọ́mú ni í gbẹ̀bí rẹ̀, ọwọ́ lásán ni í sì lò. Wọ́n ní ọwọ́ yẹn ni màlúù mọ̀, òun ni kì í bẹ̀rù. Bí ọmọ bá yè, ọwọ́ onítọ̀hún dára, wọ́n á sì máa pe ọmọ màlúù náà mọ́ ọn lórí. Bí ọmọ bá kú, kò sí ẹni tó máa bá a jà. Ìyá ọkọ mi á kàn sọ nígbà oúnjẹ pé kí ọwọ́ lágbájá sinmi díẹ̀, wọ́n á gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, ó tán. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó àgbà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kí n tó dé. Ọdún yẹn náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Àkúrẹ́. Títí tí mo fi dé ilé náà, wọ́n ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìkòkò tó jò.

Ọmọ màlúù mẹ́ta ti yè lọ́wọ́ mi. Mo wá ń gbé ọwọ́ náà kiri. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń gbé e sókè ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ lọ, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

Dókítà ẹran kan máa ń ti Ọ̀wọ̀ wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fún wa ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, irú èyí tó dé èjìká, ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe ti ọwọ́ lásán bọ ibi tí màlúù ti ń bímọ mọ́. Ìyá ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, ó di wàrà fún un. Nígbà tí ọ̀kadà rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ìyá rọ àgbàdo ìgbìn sínú àwọn ìbọ̀wọ́ náà, ó so wọ́n rọ̀ sí àjà ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀, bí apá èèyàn mẹ́fà tó na ìka sílẹ̀ lórí ààrò. Àwọn ọmọ mi kò fẹ́ wọ ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ lọ sí Ìdóàní. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló wà níbẹ̀ nílé ọkọ. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo ń pè é, nítorí pé ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń wá oyún, oyún náà sì ti dé. Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó ṣèlérí fún un pé bó bá pẹ́ díẹ̀, òun á fún un ní màlúù funfun ní àgbàsìn. Ìdílẹ̀kẹ̀ á máa sìn ín, á máa mu mílíìkì rẹ̀, á máa ṣe wàrà tà. Bí màlúù náà bá sì ti ń bí, wọ́n á máa pín ọmọ rẹ̀.

Màlúù funfun ni ọwọ̀n ọgbà wa. Òun ló ń fún mílíìkì jù. Ó lóyún nígbà náà, ó ṣì ku nǹkan bí oṣù méjì kó bí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo rí i pé ó dá dúró sí ìdí ọgbà, ó gbé ìrù. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà ti jáde. Ó ti kú. Irun ara rẹ̀ kò tíì pé. Mo dúró de ibi ọmọ, kò jáde. Mo wá ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi, mo ti ọwọ́ bọ ọ́, mo ń fà á díẹ̀díẹ̀. Ó nípọn bí awọ bàtà, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Koríko ti ya mí ní àtàǹpàkò ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn nígbà tí mo ń gé oúnjẹ fún wọn. Mo rántí pé ó ta mí nígbà tí mo ń fọwọ́, mo sì rò pé ọṣẹ ni.

Mo sin ọmọ náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tán ni ẹ̀rù tó bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù àìsàn, n kò mọ̀ nípa ìyẹn. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ nígbà oúnjẹ ni. Mo wo garawa mi níbi tó dorí kodò sí, mo wo ọwọ́ mi.

Kòtò àgbàrá kan wà láàárín ọgbà àti ojú ọ̀nà tó lọ sí Ùsò. Òjò ti gbẹ́ ẹ títí ó fi jìn dé ìbàdí èèyàn. Mo tú màlúù funfun, bó ti rẹ̀ ẹ́ tó, mo fà á lọ síbẹ̀, mo mú un rìn létí kòtò náà lẹ́ẹ̀mejì kí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lè hàn nínú ẹrẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé mi. Ó mọ ọwọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n dé nírọ̀lẹ́, mo ní ó já okùn, ó ṣubú sínú kòtò, oyún sì bà jẹ́. Ìyá ọkọ mi lọ wo ipa ẹsẹ̀ náà. Ó pa òṣé. Ó ní òun ti sọ ọ̀rọ̀ kòtò yẹn fún bàbá wọn kó tó kú, pé ó máa gbé nǹkan mì lọ́jọ́ kan. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọwọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta. Ó fi ọmọlanke kó o láti ìdí òkè tó wà lẹ́yìn oko wa, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọ̀kan já lé e ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀, èékánná rẹ̀ dúdú, kò dúró. Mo ń gbé omi lọ fún un, mo ń kí i pé ó kú iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó rọ yẹ̀pẹ̀ lé e lórí, ó fi ẹsẹ̀ kì í, ó ní kò tún sí màlúù tó máa ṣubú síbẹ̀ mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí àìsàn mi tó bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, òtútù á mú mi, eyín mi á máa gbá ara wọn, lẹ́yìn náà òógùn á bò mí débi pé wọ́n á fún aṣọ mi bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Tó bá di àárọ̀, ara á yá díẹ̀, màá dìde lọ fún ọmú. Ó lọ ọjọ́ díẹ̀, ó padà. A lo oògùn ibà. A lo oògùn táífọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń ta oògùn ní Ùsò ní àwọn méjèèjì ló jọ ń bá mi jà, ó tún kó òmíràn fún mi. Ìyá ọkọ mi se àgbo, ó ń wẹ̀ mí bí ọmọ ọwọ́. Ó tún lọ, ó tún padà. Ìbàdí mi wá le, n kò lè lóṣòó ti màlúù mọ́. Ìyá gba garawa, ó ń fi ọwọ́ líle rẹ̀ fún wọn, kò sì sọ pé kí ọwọ́ mi sinmi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Oṣù kẹta láti ọjọ́ màlúù funfun yẹn ń parí lọ, mo ti gbẹ. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ mi ní ìta pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ aláìsàn tí kò ní pẹ́ lọ. Mo máa ń ka àwọn ọmọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́ta péré ni wọ́n. Láàárín àkókò yẹn náà ni wọ́n ń múra màlúù funfun fún Ìdóàní. Ó ṣì ń fún mílíìkì, bí kò tilẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ìdílẹ̀kẹ̀ ti ṣe ọgbà sílẹ̀. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù karùn-ún. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí ìyàwó òun tètè gbádùn o, kí n lè wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́ iyọ̀ wò.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, ọkọ mi fi ọ̀já so mí mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ máa gbé màlúù náà lọ.

Dókítà tó wò mí kì í ṣe ọmọ agbègbè wa, ìhà Ọ̀yọ́ ló ti wá. Ọmọbìnrin ni, ó kéré, n kò sì kọ́kọ́ fi ọkàn tán an. Mo ní láti fi èdè ìlú wa sílẹ̀ kó tó gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ó ka gbogbo oògùn tí mo ti lò, ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó béèrè ohun tí ẹnì kankan kò tíì béèrè lọ́wọ́ mi.

“Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

Ọkọ mi dá a lóhùn pé a ń sin màlúù, pé èmi ni mò ń fún wọn lọ́mú. Dókítà fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Ó bi mí bóyá mo máa ń mu mílíìkì náà láì sè é. Mo ní rárá, mo kàn máa ń tọ́ ọ wò ni.

“Ẹ máa ń tọ́ ọ wò. Ti màlúù mélòó?”

Mo ní márùn-ún.

“Lójoojúmọ́?”

Mo ní láràárọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá béèrè bóyá oyún ti bà jẹ́ lára èyíkéyìí nínú wọn láìpẹ́ yìí.

“Ọ̀kan ni, Dókítà,” ni ọkọ mi wí. “Ṣùgbọ́n ó ṣubú ni. Kòtò àgbàrá kan ni. Mo ti dí i.”

Mo rí i pé bíírò dókítà náà dúró, ó sì kúrò lórí ìlà yẹn lọ sí òmíràn. Bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà máa kọjá. Mo lè sọ pé ìfẹ́ òtítọ́ ló mú mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí ọwọ́ Ìdílẹ̀kẹ̀ ni. Mo rí i bó ṣe máa lóṣòó pẹ̀lú ikùn rẹ̀ sábẹ́ màlúù yẹn, tó máa fún un sí àtẹ́lẹwọ́, tó máa tọ́ ọ wò bí mo ṣe fẹ́ kọ́ ọ.

“Kò ṣubú,” ni mo wí.

Ọkọ mi wò mí. “Kí lo sọ?”

“Kò ṣubú. Ó dúró jẹ́jẹ́ ni ọmọ náà jáde. Èmi ni mo mú un rìn létí kòtò.”

Ọkọ mi bojú wo ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí èékánná dúdú yẹn ti ń yọ jáde lẹ́nu bàtà.

“Òkúta yẹn mà pọ̀ o,” ló wí.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí dókítà, ó béèrè bóyá ohun tó ń ṣe mí yìí lè ran aláboyún. Dókítà ní wọn kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, òun kò fẹ́ sọ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí òun ń rò, ó lè bá oyún inú èèyàn jà bó ṣe bá ti màlúù jà. Ọkọ mi ti mú fóònù rẹ̀ jáde kó tó sọ ọ́ tán. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé, ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé màlúù kankan kò ní lọ sí Ìdóàní, pé kó má fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn mọ́ títí òun á fi dé.

Ẹ̀jẹ̀ mi fi hàn pé ohun tí dókítà rò náà ni. Àìsàn tí màlúù ń kó ran èèyàn ni, orúkọ rẹ̀ gùn, n kò lè pè é dáadáa títí dòní. Wọ́n fún mi ní oríṣi oògùn méjì láti lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n kìlọ̀ pé kí n má ṣe fo ọjọ́ kan, pé ó máa ń sá pamọ́ sínú ara. Dókítà ẹran wá gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo màlúù. Ó wà lára funfun, ó sì wà lára pupa kan. Wọ́n pa àwọn méjèèjì lójú rẹ̀, wọ́n sì sin wọ́n sínú kòtò jíjìn. Àwọn kan wá bẹ ọkọ mi pé kó jẹ́ kí àwọn kun ẹran náà. Ó ní ohun tó lé ìyàwó òun dé ilé ìwòsàn, òun kò ní kó o fún ẹlòmíràn jẹ. Èmi kò sí níbẹ̀, wọ́n ṣì dá mi dúró sí ilé ìwòsàn. Mo dúpẹ́ pé n kò sí níbẹ̀, nítorí màlúù funfun ì bá ti yíjú sí mi.

Ìyá ọkọ mi wá sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ògì nínú fúláàsì. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ láti àárọ̀, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Ó jókòó. Ó mú ọwọ́ mi, ó yí i padà, ó wo àpá koríko tó wà ní àtàǹpàkò mi.

“Ìyàwó,” ló wí, “ta ló mọ ohun tó pa ọmọ màlúù ìyàwó àgbà lọ́jọ́sí?”

Ó ṣí fúláàsì, ó bu ògì fún mi, ó ní kí n mu ún kó tó tutù. Ọkọ mi ló sọ fún mi pé nígbà tí ìyá délé, ìyá gun àga, ó já gbogbo apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn lulẹ̀ láti àjà. Kòkòrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ àgbàdo inú wọn tán. Ó ní kí wọ́n lọ gba ìbọ̀wọ́ tuntun lọ́wọ́ dókítà ẹran. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló pe Àkúrẹ́. Ohun tí òun àti ìyàwó àgbà sọ, ẹnì kankan kò gbọ́ ọ. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ara mi yá, ṣùgbọ́n n kì í sọ pé ó yá tán, ẹ̀rù máa ń bà mí láti sọ ọ́. Bí ọyẹ́ bá ti mú, ìbàdí mi máa ń rán mi létí. Bí mo bá làágùn díẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo máa ń wá ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara, àwọn ọmọ mi á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín pé ẹni tó dúró sídìí iná, kí ló fẹ́ kó ṣe bí kò bá làágùn. N kò tọ́ mílíìkì wò mọ́. Aṣọ dúdú ni mo máa ń fún un lé, bí ọmú bá ń ṣàìsàn, ìdìpọ̀ funfun wẹ́wẹ́ á hàn lórí rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Àwọn màlúù kò bẹ̀rù rẹ̀ rí. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo wọ̀ ọ́, wọn kò tilẹ̀ yíjú wò ó.

Ọmọ Ìdílẹ̀kẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé. Òun náà ti ń sin màlúù kan, èyí tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, orí kòtò tí ọkọ mi dí ni a sì mú un gbà jáde sínú ọkọ̀. Òjò ti mú kí òkúta ibẹ̀ wọ ara wọn, koríko ti hù lé e, ó ti wá di ọ̀nà tó dára jù nínú oko wa. Láìsí i, à bá ṣì máa yí gba ìdí òkè kí a tó dé ojú ọ̀nà.

Ọkọ mi kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà rí látìgbà yẹn. Bí àlejò bá wá, tó sì yin ọ̀nà náà, bó ṣe le dáadáa tí ẹrẹ̀ kì í mú un, á kàn nawọ́ sí mi, á ní, “Ìyàwó mi ló ní kí n ṣe é.” Àlejò á kí mi pé mo ní òye. Mo máa ń ní ẹ ṣé, mo máa ń gbé garawa mi, mo sì máa ń rọra tẹ orí òkúta náà kọjá.